Igi Gúrọ́fà Tí Wọ́n Ń Fà Tu Nínú Igbó Mauritius: Ìdáhùn fún Ìyá Kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó

Bí ìbéèrè náà ṣe dé ọwọ́ mi rèé: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọ̀gá. Ìjẹ̀bú-Igbó ni mo ti ń kọ̀wé sí yín. Ọmọ mi obìnrin ń kàwé ní Mauritius, ọdún kejì rẹ̀ níbẹ̀ nìyí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí mi: òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wà nínú igbó, wọ́n ń fa igi gúrọ́fà tó ń so èso pupa tu, wọ́n ń fi ayùn gé èyí tó tóbi nínú wọn. Ó ní àwọn ń dáàbò bo igbó ni. Mo ní, àdá àti ayùn kẹ̀? Ọmọ àgbẹ̀ ni mí. Bí a bá fi oko sílẹ̀ fún ọdún mẹ́jọ, mẹ́wàá, fúnra rẹ̀ ló ń di igbó padà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí wọn ò fi igbó yẹn sílẹ̀ kó sinmi? Ṣé òjò ò ní wọ́ ilẹ̀ rẹ̀ lọ ni? Ó tún ní èso náà dùn, òun fẹ́ mú hóró rẹ̀ bọ̀ wálé ní Kérésì, ká gbìn ín sẹ́yìnkùlé. Ṣé kò léwu?"

Màmá, ẹ ṣeun. Ohun tó ń kọ yín lóminú yé mi dáadáa, nítorí òun náà ló wá sí èmi lọ́kàn lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé ayùn lé mi lọ́wọ́ níbẹ̀. Iṣẹ́ igbó ni mo fi ayé mi ṣe. Ọdún mẹ́ta nínú rẹ̀ ni mo lò ní Mauritius, lọ́dọ̀ àwọn tó ń tu gúrọ́fà yẹn gan-an, nínú igbó ìjọba tí wọ́n ń pè ní Black River Gorges. Òótọ́ ni ọmọ yín sọ fún yín. Bí wọ́n bá fi igbó yẹn sílẹ̀ pé kó sinmi, kò ní sinmi. Kíkú ni yóò máa kú lọ, ewé rẹ̀ yóò sì máa tutù yọ̀yọ̀, débi pé ẹni tó ń kọjá lójú títì kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe é.

Ohun tí ẹ mọ̀ nípa ilẹ̀ tí a fi sílẹ̀ kò ṣàṣìṣe o. Ní Ìjẹ̀bú-Igbó, bí ẹ bá fi oko sílẹ̀, kùkùté ìrókò àti arère tí iná kò pa tán á rúwé. Ẹyẹ àti àdán á gbé hóró wá láti inú ẹgàn tó wà nítòsí, òkété á kó ẹyìn àti èso pamọ́, yóò gbàgbé díẹ̀ nínú wọn, ìyẹn á hù. Àwọn igi wa sì ti mọ ìyà: ẹranko ti ń jẹ ewé wọn láti ayébáyé, iná ti ń jó wọn, ìtàkùn ti ń fún wọn lọ́rùn. Síbẹ̀, àlejò ti wọ ilẹ̀ tiwa náà. Ẹ wo ewé Akíntọ́lá. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni orírun rẹ̀. Ọdún díẹ̀ ṣáájú 1940 ló bá irúgbìn igi mẹ̀lánà tí wọ́n kó wá láti Éṣíà wọ Nàìjíríà. Lónìí, oko wo la fi sílẹ̀ tí kì í kọ́kọ́ bò? A tiẹ̀ ń fún omi rẹ̀ sójú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Ohun tó gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀ ni pé kò fẹ́ ibòji. Bí igi wa bá ti ga kọjá rẹ̀, tí òjìji bò ó, ó ń kú nìyẹn, igbó á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Gúrọ́fà tó wà nínú fọ́tò ọmọ yín kì í kú sínú ibòji. Inú ibòji gan-an ló ti ń dàgbà, ibẹ̀ sì ni ọ̀ràn Mauritius ti yàtọ̀ sí ti oko bàbá yín.

Ẹ jẹ́ ká mọ irú ilẹ̀ tí à ń sọ. Òkè ayọnáyèéfín ló gbé erékùṣù Mauritius jáde láti inú òkun, ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 8 ọdún sẹ́yìn. Kò fara kan ilẹ̀ ńlá kankan rí. Madagascar tó súnmọ́ ọn náà jìnnà sí i tó bíi 900 kìlómítà. Nítorí náà, ohun tó bá lè fò, tó lè léfòó lórí omi, tàbí tí afẹ́fẹ́ lè gbé nìkan ló dé ibẹ̀. Kò sí àgbọ̀nrín, kò sí ọ̀bọ, kò sí eku. Àdán nìkan ni ẹranko tó ń fún ọmọ lọ́mú lórí ilẹ̀ náà. Ìjàpá ńláńlá ló ń ṣe iṣẹ́ tí àgbọ̀nrín àti ìgalà ń ṣe lọ́dọ̀ wa, wọ́n ń jẹ ewé, wọ́n ń jẹ èso, wọ́n ń yàgbẹ́ hóró káàkiri. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni irú ewéko bíi 700 ti dàgbà, tí èyí tó lé ní 250 nínú wọn kò sí níbòmíràn láyé. Wọn kò yọ ẹ̀gún tó bẹ́ẹ̀, wọn kò kánjú dàgbà, nítorí kò sí ẹni tó ń lé wọn. Àwọn ará Holland kọ́kọ́ gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní 1598, wọ́n sì tẹ̀dó ní 1638 nítorí igi dúdú olówó iyebíye (ebony ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é) tí wọ́n ń kó lọ sí Yúróòpù. Wọ́n kó àgbọ̀nrín wá láti Java, erékùṣù kan ní Éṣíà, ní 1639. Ẹlẹ́dẹ̀, ewúrẹ́, eku àti ọ̀bọ náà wọlé ní ayé wọn tàbí ṣáájú. Ẹyẹ ńlá kan tí kò lè fò, tí wọ́n ń pè ní dodo, ti parẹ́ kí ọdún 1700 tó pé. Nígbà tí àwọn Faransé dé lẹ́yìn wọn, tí Gẹ̀ẹ́sì sì gbà á ní 1810, oko ìrèké ló gba ilẹ̀. Igbó àbáláyé tó ṣì dára níbẹ̀ lónìí kò tó ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ náà.

Ìdá 2 yẹn ni gúrọ́fà ń jẹ tán báyìí. Kì í ṣe gúrọ́fà tí ẹ mọ̀ o, ìbátan rẹ̀ ni. Èso rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìyeyè lọ, ó pupa, ara igi rẹ̀ sì máa ń bó, tí abẹ́ rẹ̀ á máa dán. Brazil ni wọ́n ti mú un wá kí wọ́n lè máa jẹ èso rẹ̀. Ọ̀bọ jẹ ẹ́, ẹlẹ́dẹ̀ igbó jẹ ẹ́, ẹyẹ jẹ ẹ́, wọ́n sì ń yà á kálẹ̀ káàkiri. Bí ẹ bá gé e, kùkùté rẹ̀ á rú ẹ̀ka mẹ́ta, mẹ́rin; bí gbòǹgbò rẹ̀ bá ń lọ lábẹ́ ilẹ̀, ó ń yọ ọmọ lójú ọ̀nà. Nígbà tí ìjì líle bá wó igi ńlá kan lulẹ̀, gúrọ́fà ló ń kọ́kọ́ dé ojú àlàfo náà. Ó ń hù nípọn débi pé ẹ̀gbẹ́ ni èèyàn fi ń gba àárín rẹ̀ kọjá. Ohun tó ba ọkàn mi jẹ́ jù ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ mi nìyẹn: bí mo bá gbójú sókè, igi àbáláyé tó ti lo ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún wà lókè rẹpẹtẹ, bí mo bá wolẹ̀, kò sí ọmọ wọn kan ṣoṣo nílẹ̀. Gúrọ́fà ni gbogbo rẹ̀. Ẹ ronú abúlé kan tí àgbàlagbà kún inú rẹ̀, tí wọ́n ń kí ara wọn láàárọ̀, tí ẹ kò sì gbọ́ igbe ọmọ kankan fún ogún ọdún. Ẹni tó bá ka orí ibẹ̀ lónìí á ní abúlé náà pé. Ẹ̀yin tí ẹ bímọ mọ̀ pé kò pé.

Iṣẹ́ tí ọmọ yín lọ ṣe kì í ṣe ìgékúgèé. Èyí tó kéré, ọwọ́ la fi ń fà á tu tòun ti gbòǹgbò, a sì ń gbé e kọ́ sórí ẹ̀ka kí gbòǹgbò rẹ̀ má baà tún fara kan ilẹ̀, nítorí bí ó bá fara kàn án, yóò jí. Èyí tó tóbi, a ó gé e nílẹ̀ pátápátá, a ó sì fi búrọ́ọ̀ṣì kun oògùn koríko sójú kùkùté rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá ń yára níbẹ̀ ń ṣe ibi. Ní ọ̀sẹ̀ kejì mi, mo fa èèhù kan tu: ewé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, iṣan pupa là á láàárín. Mo rò pé àlejò ni. Ìyá àgbà kan tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà gbà á lọ́wọ́ mi, ó mú mi rìn ní ìṣísẹ̀ márùn-ún, ó ní kí n wòkè. Ewé igi tó dúró níbẹ̀ fẹ̀, ó nípọn, kò jọ ti ọwọ́ mi rárá. Ó ní, "Ìyá rẹ̀ nìyí." Ọ̀pọ̀ igi erékùṣù yẹn ló jẹ́ pé ewé tí wọ́n ń wọ̀ ní kékeré yàtọ̀ sí ti àgbà wọn, àwọn onímọ̀ kan rò pé ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tan ìjàpá jẹ ni, kó má baà mọ̀ wọ́n nígbà tí wọ́n ṣì wà ní ìwọ̀n ẹnu rẹ̀. Ìyá náà fi ìka gbẹ́ ihò, ó dá èèhù náà padà sílẹ̀, ó da omi inú ìgò rẹ̀ lé e lórí, kò bá mi wí. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ṣiyèméjì, n kì í fà.

Ṣé iṣẹ́ náà wá ń so èso? Bẹ́ẹ̀ ni, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìrètí lásán. Láti àwọn ọdún 1980 ni wọ́n ti ń fi ọgbà yí apá kéékèèké nínú igbó náà ká, kí àgbọ̀nrín àti ẹlẹ́dẹ̀ má lè wọ ibẹ̀, tí wọ́n sì ń tu àlejò kúrò nínú wọn. Níbi tí wọ́n ti tu ú, igi àbáláyé ń so ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, èèhù wọn ń hù, labalábá pọ̀ sí i, àwọn ewéko kan tí wọ́n ti rò pé wọ́n ti tán láyé tún yọjú. Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí náà: apá kéékèèké ni. A ń tu ibì kan tán, a ń padà síbẹ̀ ṣáájú kí ọdún tó yí po, a tún ń padà lọ́dún tó tẹ̀ lé e, nítorí hóró gúrọ́fà láti ẹ̀yìn ọgbà kò dẹ́kun wíwọlé. Ọgbà kò lè dá ọ̀bọ dúró, kò sì lè dá eku dúró. Ọ̀bọ a máa já èso igi àbáláyé ní tútù, kí ó tó gbó. Eku a máa jẹ hóró. Ẹni tó bá sọ fún yín pé wọ́n ti parí ibì kan, kò tíì ṣe iṣẹ́ náà rí.

Títu àlejò nìkan kò tó, Màmá. Igi kì í rìn, ẹlòmíràn ló ń gbé ọmọ rẹ̀ kiri. Ẹ lè ti gbọ́ ìtàn kan tó gbajúmọ̀ pé igi kan wà ní Mauritius, tambalacoque lorúkọ rẹ̀, tí hóró rẹ̀ kò lè hù láé àyàfi tó bá gba inú dodo kọjá. Onímọ̀ kan ló gbé e jáde ní 1977, ó ní igi 13 péré ló kù, gbogbo wọn ti darúgbó. Ìtàn náà dùn, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀: àwọn òṣìṣẹ́ igbó ti mú hóró náà hù láìsí ẹyẹ kankan, igi rẹ̀ tó kéré lọ́jọ́ orí sì wà. Ohun tó jẹ́ òótọ́ nínú rẹ̀ ni pé nígbà tí àwọn agbéhóró bá parẹ́, igi ń jìyà. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi ní Île aux Aigrettes, erékùṣù kékeré kan tí kò ju bíi hẹ́kítà 26 lọ, nítòsí etíkun gúúsù ìlà-oòrùn Mauritius. Wọ́n ti gé igi dúdú ibẹ̀ dáná títí, èyí tó kù sì ń so, ṣùgbọ́n abẹ́ ìyá ni gbogbo hóró ń jábọ́ sí, kò dé ibi tí wọ́n gé. Ìjàpá ńlá àbáláyé Mauritius ti tán pátápátá. Ní 2000, wọ́n kó ìbátan wọn wá láti Aldabra, ní Seychelles, wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n máa rìn fàlàlà. Ìjàpá jẹ èso tó jábọ́, ó rìn lọ, ó yàgbẹ́ rẹ̀ sí ibi tó wù ú. Hóró tó gba inú rẹ̀ kọjá ń hù dáadáa ju èyí tí kò gbà á lọ, èèhù igi dúdú sì ti ń hù báyìí níbi tí àáké ti sọ di ahoro. Mo kúnlẹ̀ ti ìgbẹ́ ìjàpá kan níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ti gbẹ, ó dà bíi pápá tí a dì pọ̀, èèhù ti yọ láàárín rẹ̀, ó ṣì ru èèpo hóró lórí bíi fìlà. N kò lè ṣàlàyé bí inú mi ṣe dùn tó.

Àdán náà ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn lókè, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sì le. Ó ń jẹ máńgòrò àti èso kan tí wọ́n ń pè ní lychee lóko àwọn olóko, inú ń bí wọn, n kò sì dá wọn lẹ́bi, nítorí ẹni tí àdán jẹ oko rẹ̀ ló mọ ohun tó sọnù. Ní 2015 ìjọba ní kí wọ́n pa wọ́n, èyí tó lé ní 30,000 ló kú lọ́dún yẹn nìkan, wọ́n sì tún pa á lẹ́yìn ìgbà náà. Ṣùgbọ́n èmi ò rí bí a ṣe lè máa fi ọwọ́ ọ̀tún tu gúrọ́fà, ká máa fi tòsì yìnbọn pa ẹni tó ń gbin igbó fún wa lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọ̀n ni kí wọ́n ran olóko lọ́wọ́ láti rà, kó fi bo igi èso rẹ̀.

Ẹnìkan á ní, ẹ gbin igi sí i, ó tán. Wọ́n ń gbìn ín, níbi tí ìyá igi kò bá ti sí mọ́. Àmọ́ igi wo? Wọ́n ti fi igi páìnì láti òkèèrè bo ilẹ̀ rẹpẹtẹ lókè Mauritius, bí wọ́n ti fi mẹ̀lánà rọ́pò ẹgàn nínú igbó ọba Ọmọ àti Olúwa lọ́dọ̀ wa. Ó tutù lójú, ó wúlò fún pákó, ṣùgbọ́n ẹyẹ tó ń gbé inú ẹgàn kò rí oúnjẹ tirẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀nà mìíràn tí wọ́n ń gbìyànjú ni kòkòrò. Ní Hawaii, àwọn erékùṣù Amẹ́ríkà kan tí gúrọ́fà yìí kan náà ti ń dà wọ́n láàmú, wọ́n ti tú kòkòrò kékeré kan láti Brazil sílẹ̀ kó lè máa dín agbára rẹ̀ kù. Ó lè jẹ́ ohun tó dára, nítorí ọwọ́ èèyàn kò lè tu gbogbo òkè tán láéláé. Síbẹ̀ Mauritius ti jìyà irú ìgbìyànjú bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ṣe láìrò ó jinlẹ̀: ìgbín ńlá Áfíríkà ń jẹ irè oko, wọ́n wá kó ìgbín mìíràn tó ń jẹ ìgbín ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọlé láti Amẹ́ríkà, ìyẹn fi ìgbín ńlá sílẹ̀, ó kọjú sí àwọn ìgbín kéékèèké àbáláyé. Nítorí náà, bí wọ́n bá fẹ́ lo kòkòrò, kí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún yẹ̀ ẹ́ wò nínú àgọ́ kó tó jáde. Àwọn ará ìlú gan-an kò sì ní gbà bẹ́ẹ̀ wẹ́rẹ́. Nígbà tí gúrọ́fà bá pọ́n, tẹbí-tará ni wọ́n ń wọ igbó lọ ká a, wọ́n á fi iyọ̀ àti ata jẹ ẹ́, àwọn mìíràn á tà á lẹ́bàá títì. Ohun ìfẹ́ wọn ni. Mo jẹ ẹ́ pẹ̀lú wọn, ó dùn lóòótọ́.

Ọ̀rọ̀ òjò tí ẹ sọ, ẹ sọ ọ́ re. Òkè ibẹ̀ ga, òjò pọ̀, ìjì líle a sì máa jà. Bí wọ́n bá tu òkè kan pátápátá lẹ́ẹ̀kan náà, ẹrẹ̀ á wọ́ lọ sínú odò, oòrùn tó sì kàn ilẹ̀ lójijì á pe igi ẹlẹ́gùn-ún mìíràn wá, tó le ju gúrọ́fà lọ. Nítorí èyí ni a ṣe ń tu ú díẹ̀díẹ̀, a ń tẹ́ igi tí a gé dábùú ojú òkè kó lè dá ilẹ̀ dúró, a sì ń fi apá ibi tó dagẹ̀rẹ̀ jù sílẹ̀. Mo ti rí ibi tí wọ́n kánjú tu nítorí owó ọdún náà fẹ́ parí, ó bà jẹ́ ju bí wọ́n ṣe bá a lọ. Nígbà mìíràn sì rèé, ìyọnu ń wá láti ibi tí ẹnikẹ́ni kò rò. Ní 2020, ọkọ̀ ojú omi Wakashio há sórí òkìtì iyùn inú òkun nítòsí Île aux Aigrettes, epo rẹ̀ tú sómi, àfi kí wọ́n sáré kó èèhù àti àwọn ẹyẹ díẹ̀ kúrò níbẹ̀ lọ sí Mauritius gan-an. Igbó Mauritius kò tún lè padà sí bó ṣe wà kí 1598 tó dé. Dodo kò ní jí, ìjàpá àbáláyé kò ní jí. Ohun tí ọwọ́ lè ká ni pé kí àwọn àgbà igi tó ṣì dúró yẹn rí ọmọ tiwọn nílẹ̀ kí wọ́n tó wó.

Ó wá ku hóró tí ọmọ yín fẹ́ mú bọ̀. Màmá, ẹ sọ fún un pé rárá. Ìjẹ̀bú-Igbó gbóná, ó ní òjò, ó ní ẹyẹ àti ọ̀bọ, kò sí ohun tí gúrọ́fà pupa yìí ń fẹ́ tí kò sí níbẹ̀, ẹ̀yìnkùlé yín kò sì jìnnà sí ẹgàn. Kó jẹ ẹ́ níbẹ̀ tẹ́rùn, kó tu hóró rẹ̀ sínú ọ̀rá, kó má tu ú sílẹ̀ igbó. Kó fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ìsàlẹ̀ bàtà tó fi ń wọ igbó kó tó kó o sínú àpótí, kó yẹ inú àpò ṣòkòtò rẹ̀ wò, nítorí hóró kéékèèké a máa sá pamọ́ sí ojú rírán. Bí ó bá jẹ́ pé nǹkan gbíngbìn ló ń wù ú ní Kérésì, àgbálùmọ̀ á ti máa dọ́jà nígbà yẹn. Ẹ yan èyí tó dùn jù nínú rẹ̀, kí ẹ tọ́jú hóró rẹ̀ dè é. Kó má pẹ́ nílẹ̀ kí ẹ tó gbìn ín, torí hóró àgbálùmọ̀ tó bá gbẹ kì í fẹ́ hù.